Ohun Tí Ògiri Ayọ̀ Fi Pamọ́

Fóònù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ojú ìwé kan náà ló sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti òkú, èkejì jẹ́ ti ọlọ́pàá tó ń wádìí ikú rẹ̀. Lórí fóònù òkú, lábẹ́ àwòrán sítóòfù gáàsì kan tó ń dán gbinrin, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, sítóòfù yín tí mo rà ń jò. Mo ti pa á tán, òórùn gáàsì ṣì ń jáde níbi ọwọ́ tí mo fi ń tàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ kíyè sára." Lórí fóònù ọlọ́pàá, lábẹ́ àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí.

Ọlọ́pàá náà fi ìka nu ojú fóònù tirẹ̀, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ti ojú ìwé náà, ó tún un ṣí. Kò sí. Ó wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ń kí ilé-iṣẹ́ kú iṣẹ́, ẹnì kan ń béèrè bóyá aláwọ̀ pupa ṣì wà. Àwọn yẹn wà lórí fóònù méjèèjì. Ti òkú nìkan ló dàwátì.

Obìnrin ni ọlọ́pàá yìí. Ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀kansíi ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí èèyàn bá rojọ́ tán níwájú rẹ̀, tó ti ń mí kanlẹ̀ pé òun ti bọ́, á ní, "Ó dáa. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọ̀pọ̀ òpùrọ́ ló ti kó sí i lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í rántí bí wọ́n ṣe to irọ́ àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan," ó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá rọra wá, tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Ó wo fóònù kan, ó wo èkejì, ó mi orí.

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ? Káfíńtà ló ṣe é. Bó ṣe ń gbẹ́ àga ló ṣe gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó wá tì í bọ inú fóònù ìyàwó rẹ̀ kó lè rí ẹni di ẹ̀bi rù."

"Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ la ti bá fóònù yìí lọ́jọ́ tí ilé jó. Kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà yẹn."

"Ó lè ti ṣe é ṣáájú."

"Ká ní ó ṣe é ṣáájú, ta ló wá yọ ọ́ kúrò lórí tèmi?"

Ọ̀gá gbé tíì sẹ́nu. Ìgbà tó gbé e kúrò, ó padà síbi tó ti wá.

Onídìrí ni ìyá tó kú. Ó jí láàárọ̀, ó wọ ilé ìdáná láti gbé omi kaná, ó ṣáná, gáàsì bú gbàmù. Kí àwọn aládùúgbò tó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n sì lọ mú un níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ló dè é lókùn. Àwọn aládùúgbò gbọ́ tí tọkọtaya náà ń jà lálẹ́ àná ọjọ́ náà. Rọ́bà tó gbé gáàsì láti sílíńdà wá sí ẹnu sítóòfù ti já. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀gá àgbà ìpolówó nílé-iṣẹ́ tó ṣe sítóòfù náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣí ojú òpó ilé-iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n wò ó.

Ojú òpó náà wuni lóòótọ́. Bí èèyàn bá ti ṣí i, ohun àkọ́kọ́ tó máa rí ni ohun tí wọ́n ń pè ní Ògiri Ayọ̀. Gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà bá kọ nípa sítóòfù wọn lórí sóṣíà mídíà, ẹ̀rọ á gbé e wá síbẹ̀, á máa ṣàn wálẹ̀ bí omi: àwòrán ìyá tó ń rẹ́rìn-ín, àwòrán ìkòkò tó ń hó, "Ẹ ṣé o," "Èyí tí mo rà fún ìyá ọkọ mi nìyí," àti ọkàn pupa lóríṣiríṣi. Kò sí ìráhùn kankan níbẹ̀. "Bí sítóòfù wa bá ń jò," ọ̀gá ìpolówó sọ, "ṣé nínú gbogbo èrò yìí, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́?" Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá létí. Ó wọ Lẹ́ẹ̀kansíi náà létí, ká má purọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti jókòó níwájú ògiri yẹn rí, kó tó lọ ra sítóòfù kan náà fún ìyá rẹ̀.

*

Wọ́n mú káfíńtà wá láti àtìmọ́lé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Àwọn aládùúgbò yín ní ẹ pariwo lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé lọ́la lẹ máa tú u dànù," Lẹ́ẹ̀kansíi sọ. "Kí lẹ fẹ́ tú?"

"Sítóòfù ni. Kí ni ǹ bá tún tú? Mo ní kí n gbé e síta, ká máa fi sítóòfù kẹrosíìnì dáná. Ó kọ̀."

"Kí ló dé tó fi kọ̀?"

"Ó ní òun ti sọ fún ilé-iṣẹ́, lójú gbogbo ayé, àti pé wọn ò ní pẹ́ dáhùn. Ó ní bí òun bá gbé e síta báyìí, wọ́n á ní òun kò ní nǹkan tí òun máa fi hàn wọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo bá a jà, Màdáàmù. Mo pariwo mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Láàárọ̀, mi ò jí i."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un sọ. Ohun kan náà ló sọ, ṣùgbọ́n kò tò ó bó ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kò jí i ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ibẹ̀ ló sì ti sunkún.

Nígbà tí wọ́n mú un padà, Lẹ́ẹ̀kansíi gbé ọ̀rá tí wọ́n kó ẹrù ilé ìdáná sí wálẹ̀. Ó yọ ẹnu sítóòfù tó ti dúdú, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Irin róbótó tí wọ́n fi ń fún rọ́bà mọ́ ẹnu sítóòfù ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì le koko, èérún rọ́bà tó ti yọ́ sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín kíkorò. Ẹni tó bá fẹ́ tú rọ́bà, irin yìí ló máa kọ́kọ́ dẹ̀. Kò sẹ́ni tó dẹ̀ ẹ́. Iná ló já rọ́bà, lẹ́yìn tí gáàsì ti bú. A jẹ́ pé ibòmíì ni gáàsì ti jáde.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọwọ́ sítóòfù ló ti jáde bí onídìrí ṣe wí, èé ṣe tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló wí i?

*

Ó padà sídìí fóònù méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wò wọ́n lásán. Ó mú tirẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà: "Sítóòfù yín rẹwà." Ó wo fóònù òkú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yọ síbẹ̀.

Ó tún kọ òmíràn: "Sítóòfù mi ń jò." Ó wà lórí fóònù tirẹ̀, rekete. Ó wo fóònù òkú. Ó dúró. Ó ṣí i, ó tún un ṣí. Kò yọ.

Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká, ó tún jókòó.

Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí tó sì ń fi wọ́n pamọ́, á gbà á lákòókò. Èyí kò gbà á lákòókò rárá. Ẹ̀rọ ni. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí, ojú ọ̀rọ̀ nìkan ló mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó wá kọ ìyìn kan tí kò sí irú rẹ̀: "Orùlé ilé mi ń jò, òjò pa mí lóru, ṣùgbọ́n ọpẹ́lọpẹ́ sítóòfù yín tó ń mú ara mi móoru. Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyìn náà kò dé fóònù òkú. Ẹ̀rọ náà ti gbé òun àti orùlé mì.

Ìgbà yẹn ló wá yé e dáadáa. Ẹni tó bá kọ "ń jò" á máa rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, kò ní fura. Ojú ẹlòmíì kò ní tó o láéláé. Onídìrí ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé, ó sì ń rí ìkìlọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó kà á. Ohun tí kò bá sì jáde lórí sóṣíà mídíà kò lè dé Ògiri Ayọ̀. Ìdí tí ìráhùn ò fi sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ó rántí ìyá rẹ̀. Ó fa fóònù, ó pe ilé.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́?"

"Ẹ̀wà ló wà lórí iná."

"Ẹ pa á. Ẹ ti sílíńdà náà pa látòkè, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ́ síta."

"Kò tíì jinná."

"Màmá!"

"Ṣé kí n wá máa jẹ ẹ̀wà tútù ni? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi?"

"Màá ra oúnjẹ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bẹ̀ yín."

Ìyá náà mọ̀ pé ọmọ òun kì í bẹ̀bẹ̀. "Ó dáa," ó ní, "mo ti ń lọ pa á. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé iyọ̀ tí mo rán ẹ, o ò tíì rí i rà, màá wo oúnjẹ tó o máa rà bọ̀."

*

Ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni ọ̀gá ìpolówó, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ó gba Lẹ́ẹ̀kansíi tọwọ́tẹsẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ síbẹ̀, Ògiri Ayọ̀ sì ń ṣàn lórí rẹ̀ láìdúró.

"Ikú ìyá yẹn dùn wá kọjá sísọ, Màdáàmù. A fi àwòrán àbẹ́là sójú òpó wa láti bá ẹbí kẹ́dùn. Ẹ ò rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọkàn pupa sí i."

"Ẹ kú àníyàn. Ṣé ẹ ti pa ọ̀rọ̀ oníbàárà kankan rẹ́ rí?"

"Mo lè fi ohunkóhun búra. A ò pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́ rí."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"A ò pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì bí Lẹ́ẹ̀kansíi nínú jù. Ọ̀rọ̀ onídìrí wà lórí fóònù rẹ̀ títí di òní, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ọkùnrin yìí ń gbẹ́sẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fo kòtò omi.

"Ta ló ń bójú tó ojú ìwé yín lórí sóṣíà mídíà?"

"Áà!" Ojú rẹ̀ tàn. "Ọmọbìnrin kan ni, ó wà nísàlẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òun lẹ máa bi. Ọ̀dọ́ ni, ẹ ṣáà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe."

Alábòójútó náà wà nínú yàrá tóóró kan, kọ̀ǹpútà méjì níwájú rẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè rí ọlọ́pàá, ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lójú rẹ̀. Ó yára ti nǹkan kan pa lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Lẹ́ẹ̀kansíi ti rí i. Ó ń wá iṣẹ́ síbòmíì. Ẹni tó ń bẹ̀rù, tó sì ń wọ́nà àtisá. Ó tó kí ojú ẹni yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí ojú ìwé yìí?"

"Èmi, àti ọ̀gá ìpolówó. Àwa méjèèjì nìkan."

"Kí ló ń dẹ́rù bà ẹ́?"

"Ikú ìyá yẹn, mà. Tí wọ́n bá fẹ́ dá ẹnì kan lẹ́bi níbí, mo mọ ẹni tó máa jẹ́."

Lẹ́ẹ̀kansíi fa àga, ó jókòó tì í bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ parọ́ kan fún un.

"Mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yín ń fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn pamọ́. Ẹni tó bá ti kọ 'gbóná' níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní jáde síta."

Ọmọbìnrin náà la ẹnu sílẹ̀. "Gbóná? Ṣé ìyẹn ni..." Ó di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ nǹkan síbẹ̀ rí. Ó ní òun kọ ọ́, mo ní mi ò rí i. Mo pè é ní òpùrọ́, mà! Èyí tí ẹ̀rọ bá gbé wá fún mi nìkan ni mo máa ń rí."

Lẹ́ẹ̀kansíi fọwọ́ bà á léjìká, ó padà sókè.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́," ó sọ kó tó jókòó. "Ẹ ò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹnì kan ló ṣètò ẹ̀rọ pé tí wọ́n bá kọ 'gbóná', kó fi í pamọ́. Ọmọbìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ni, àbí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù tó ti ń gbé mì láti àárọ̀ ló jọ pé ó bá ẹ̀rín náà jáde.

"'Gbóná' kẹ̀? Rárá o, 'gbóná' ò sí lára wọn. 'Ó ń gbóná kíá' la fi ń polówó ọjà wa, báwo la ṣe máa..."

Lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò.

"Lára àwọn wo, Ọ̀gá?"

Ọkùnrin náà ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó tún un tì.

"Mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé 'gbóná' ni, ó gbà mí gbọ́, torí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin méjì péré lẹ sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà."

Ó fọwọ́ fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi ná, Màdáàmù. Àwọn alátakò wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkọkúkọ. Ojú òpó wa ni ṣọ́ọ̀bù wa báyìí. Tí oníbàárà bá débẹ̀, tó rí ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo lórí ògiri, sísá ló máa sá. Mo ní kí ẹ̀rọ dá wọn dúró fúngbà díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé sítóòfù ń jò lóòótọ́. Mi ò rí ìráhùn kankan, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mi ò rí ìráhùn kankan."

"Ta ló wá sọ 'ń jò' fún yín?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ló yẹ kí ẹ̀rọ máa mú, bí kò bá jẹ́ pé ẹ ti ka èyí tí àwọn àkọ́kọ́ kọ? Ẹ ka ìráhùn wọn, ẹ ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ fi dí ẹnu àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Onídìrí wà lára àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹ̀rín náà wá kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà pátápátá. Láìsí i, ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí lọ́yà òun.

*

Yàrá tóóró yẹn ni wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà. Alábòójútó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa mú kúrò, ó ní kí gbogbo ohun tó wà ní ìpamọ́ jáde. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹnjiníà àgbà, bàbá olórí funfun tó ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe sítóòfù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń bi wọ́n pé kí ló ń jó.

Ògiri Ayọ̀ ń yí padà lójú wọn.

"Ó ń jò." "Mo pa á, ó ṣì ń rùn." "Ẹ jọ̀ọ́ ta ni kí n pè?" "Ó ń jò." "Iná gba irun ojú mi." "Ọmọ mi ń wúkọ́." "Ṣé ẹ̀yin ò kàwé ni?" "Ó ń jò o." Àárín àwọn àwòrán ẹlẹ́rìn-ín yẹn ni wọ́n ń bọ́ sí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Láàárín wọn ni orùlé Lẹ́ẹ̀kansíi náà ti yọjú, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Bàbá náà súnmọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Rọ́bà tín-ín-rín inú ọwọ́ rẹ̀ ni," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ooru ń yọ́ ọ. Nǹkan tí kò tó nǹkan. À bá ti pààrọ̀ rẹ̀." Ó yíjú padà, kò mọ ẹni tó máa bá wí. "Àràárọ̀ ni mò ń wo ògiri yìí! Kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń wò. Màá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó, màá ní, ẹ ò rí i, ẹnì kan ò ráhùn. Mo ń fi yangàn!"

Ó fìdí lé ilẹ̀. Kò wá àga.

Lẹ́ẹ̀kansíi ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sójú òpó kíákíá. Wọ́n pe olórí ilé-iṣẹ́ lórí fóònù. Olórí ní òun gbọ́, òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní sùúrù kí àwọn lọ́yà kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má kọ ohun tó máa dà bíi pé ilé-iṣẹ́ ti jẹ́bi. Bóyá lọ́la.

"Ọ̀la?" Lẹ́ẹ̀kansíi sọ. "Àwọn èèyàn máa dáná ọ̀sán báyìí."

Olórí ní òun ti sọ tòun. Ó gé fóònù.

Alábòójútó kò wo ojú ẹnì kankan. Ìka rẹ̀ ti ń sáré lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dúró, Ògiri Ayọ̀ ti pòórá. Àwòrán sítóòfù náà nìkan ló kù níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ MÁ TAN ÁN. Ó ń jò. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí fèrèsé." Ohun kan náà ló wà lórí gbogbo sóṣíà mídíà wọn.

"Wọ́n ti lé mi nìyẹn," ó sọ, ó sì bọ́ káàdì iṣẹ́ tó so mọ́ ọrùn, èyí tó ní àwòrán rẹ̀ lára, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹnjiníà gba fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ilẹ̀ tó wà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó fi nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìráhùn wọn, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gbé e. Àwọn kan ò gbé e, ó sì ń tún wọn pè.

*

Ọ̀gá Lẹ́ẹ̀kansíi fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó fẹ́ sọ nǹkan fún káfíńtà, ó kàn ní kó máa bọ̀. Wọ́n dá bàtà àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Kò wo inú àpò náà.

Lẹ́ẹ̀kansíi mú un jókòó sí yàrá rẹ̀, ó sọ gbogbo bó ṣe rí, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣé ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó rí i?" ó béèrè. "Gbogbo ìgbà tó ń sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń kà á?"

"Kò sẹ́ni tó rí i nígbà yẹn."

Ó mi orí, ó ń mi orí náà lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kansíi rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó béèrè bóyá òun lè rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí ni fóònù ìyàwó rẹ̀ báyìí, kò ṣeé fọwọ́ kàn, nítorí náà Lẹ́ẹ̀kansíi gbé tirẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ onídìrí ti wà níbẹ̀ báyìí, níbi tó yẹ kó wà. Káfíńtà ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dúró.

"Ẹnì kan fèsì," ó sọ.

Lẹ́ẹ̀kansíi tẹ̀ síwájú. Ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí, tó fi àwòrán ọmọ ọwọ́ ṣe àwòrán ara rẹ̀, ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ni mo rí ọ̀rọ̀ yín. Tèmi náà ń rùn. Mo ti pa á, a ti wà níta, èmi àtàwọn ọmọ. Ṣé ti yín ti dáa?"

Ọkùnrin náà di fóònù mú bíi pé ó máa bọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àpò irinṣẹ́, kò nù ún.

"Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ. "Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kó má fèsì."

"Ẹ lè bá a fèsì, tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Ó fi ìka kan ṣoṣo, èyí tí ìṣó ti gún rí, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn lẹ́tà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Ẹ má wọlé o. Ẹ dúró síta pẹ̀lú àwọn ọmọ."